Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tí àyè yín lórí sáfà wa fi máa dínkù

Ẹ̀yin oníbàárà wa ní Kubwa, Nyanya, Gwagwalada àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Suleja, ẹ kú ìfaradà. Mo mọ̀ pé inú ń bí yín, ẹnì kan tiẹ̀ pè mí pé ṣé owó tóun ń san ò pé ni tá a fi fẹ́ gé àyè òun. Owó yín pé o.

Sáfà méjì la ní, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé dátà yín jáde fún yín, tí ọ̀kan bá kú ìkejì á gba iṣẹ́ ẹ̀, ìyẹn ò sì já wa kulẹ̀ rí. Àmọ́ àpótí dísìkì kan ṣoṣo, níbi tí dátà yín wà, làwọn méjèèjì jọ ń lò, bí ilé méjì tó ń fa omi nínú kànga kan. Àpótí yẹn ló kú lóṣù tó kọjá. Sáfà méjèèjì ń ṣiṣẹ́, wọn ò kàn rí dátà kankan kà ni. Ẹni tó ń ta àpótí náà fún wa ti gbowó bọ́ọ̀dù sípéà ẹ̀ lọ́wọ́ wa tipẹ́, lónìí ó ní ó wà ní pọ́ọ̀tù, lọ́la ó ní dọ́là ti wọ́n sí i, ká fi owó lé e, a fi lé e, bọ́ọ̀dù tó wá gbé wá ò bá àpótí wa mu, ó wá ní àwa la ò ṣàlàyé fóun, èmi tí mo fi fọ́tò àti nọ́ńbà ẹ̀ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp! Ó ṣì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Àwọn kan ní kí sáfà kọ̀ọ̀kan ní dísìkì tiẹ̀, ká so wọ́n pọ̀. Windows Server, ètò tí sáfà wa ń lò, ń ṣe é láti ẹ̀dà 2016, àmọ́ inú irú ẹ̀ tó ń jẹ́ Datacenter nìkan ni wọ́n fi í sí, owó láísẹ́ǹsì ẹ̀ sì fi ìlọ́po ìlọ́po ju ti Standard tá à ń lò lọ, dọ́là ni wọ́n ń kà á sí, ẹ sì mọ ohun tójú náírà ti rí látoṣù kẹfà 2023. Tí mo bá rà á, ẹ̀yin lẹ máa san án. Standard náà lè máa da dátà kọ láti sáfà kan sí ìkejì láti ẹ̀dà 2019, àmọ́ fọ́lúùmù (apá dísìkì) kan péré, tí àyè ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju 2 TB (terabyte méjì) lọ. Èyí la mú, ibi tí gígé àyè ti wá nìyẹn, kì í ṣe ọ̀kánjúà.

Àkáǹtì yín, ìwé ọjà àti orúkọ àwọn ọmọ iléèwé yín á wà níbẹ̀. Fọ́tò àti ìwé àtijọ́, a ń kó wọn sí dísìkì míì, tẹ́ ẹ bá béèrè la máa gbé e fún yín. Tí sáfà kan bá kú, ọwọ́ la máa fi yí i sí ìkejì báyìí, kì í ṣe fúnra ẹ̀ mọ́, torí náà ẹ máa ní sùúrù díẹ̀, ọmọ iṣẹ́ wa kan á máa sùn ní ọ́fíìsì.

Ẹni tó bá fẹ́ kúrò, a máa kó dátà ẹ̀ fún un láì gba kọ́bọ̀. Àmọ́ ẹ dákun, ẹ kọ́kọ́ pè mí ná.