Ọkọ̀ ọ̀fẹ́ Kansas City, àwa ará Ìkòròdú ńkọ́?

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi tó ń gbé Kansas City l'Amẹ́ríkà ló fi fídíò ránṣẹ́ sí mi, ó jókòó pẹ̀sẹ̀ sínú ọkọ̀ kan tó ń rìn lórí irin láàárín ìgboro, mo ní èló lo san, ó ní ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀fẹ́ kẹ̀! Ó ní látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ ní 2016, kò sẹ́ni tó ń sanwó ọkọ̀. Àmọ́ ẹ má rò pé owó ẹ̀ jábọ́ látọ̀run o, àwọn tó nílé létí ọ̀nà yẹn ń san owó lé e, ẹni tó bá sì rajà ládùúgbò náà ń fi owó orí díẹ̀ kún un, aráàlú ló dìbò sí i.

Èmi rèé, aago márùn-ún ìdájí mo ti wà ní gáréèjì Ìkòròdú, bí òjò bá wá ṣú báyìí danfo á fowó lé owó, kọ́ńdọ̀ á tún ní ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín. A dúpẹ́ ọ̀nà bọ́ọ̀sì BRT tí wọ́n ṣe dé ọ̀dọ̀ wa láti Mile 12 ní 2015, ṣùgbọ́n èrò ti pọ̀ jù ú lọ. Mo bi ìyá ẹlẹ́ja kan l'Àgíríìkì bóyá ó máa dáwó irú ẹ̀, ó ní kí n kọ́kọ́ fi ọkọ̀ náà han òun ná.