Lẹ́tà sí Bàbá Ìbejì lórí irinṣẹ́ tí Wàsíù ń gbé wọ igbó

Ẹ̀pẹ́,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Bàbá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Mo kí ọ, mo kí Ìyá Ìbejì, mo sì kí àwọn ọmọ. Mo gbàdúrà pé òtútù Kánádà kò mú yín jù. Àlàáfíà ni a wà níbí. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ ojú fún Ìyá wa, wọ́n sì ti ń ríran dáadáa. Ẹja ti gbówó lórí ní ọjà Olúwo. Àwọn ọmọ àdúgbò ti ń múra ọdún Káyókáyó, wọ́n sì ń béèrè bóyá o máa wá. Ọ̀rọ̀ tí ó mú mi jókòó kọ ìwé yìí ni ti Wàsíù, àbúrò wa, nítorí kò ṣeé fi pamọ́ di ìgbà tí a óò fojú kan ara wa.

O mọ̀ pé òun ni ó gba Hilux Àlàájì, èyí tí ń lo dísù, tí ó sì fi ń kó ẹ̀gẹ́ láti inú oko tí ó wà lápá Ejìnrìn wá fún àwọn ìyá tí ń yan gàrí. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹrẹ̀ pupa ni ọ̀nà oko yẹn máa ń dà. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni bẹ́líìtì fáànù já mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú igbó. Bẹ́líìtì yẹn kan náà ni ó ń yí pọ́ǹpù omi, nítorí náà bí ó bá já, tí a kò sì tètè pa ẹ́ńjìnnì, ooru yóò bà á jẹ́ kí a tó mọ̀. Wàsíù pa á lásìkò, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bẹ́líìtì tuntun wà nínú ọkọ̀, kò tíì jáde nínú ọ̀rá rẹ̀ pàápàá. Síbẹ̀, òun àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sun igbó mọ́jú, ẹ̀fọn sì jẹ wọ́n dé ojú.

Ohun tí ó fà á ni pé àpótí irinṣẹ́ tí ó gbé sẹ́yìn ọkọ̀, tí ó wúwo débi pé ènìyàn méjì ni ń gbé e, sípánà oníǹṣì ni ó kún inú rẹ̀. Ọwọ́ ẹnì kan tí ń tú ọkọ̀ Amẹ́ríkà tà ni ó ti rà á ní ọ̀pọ̀. Bóòtù tí ó yẹ kí ó tú kí ó tó lè dẹ alternator, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń fún bátìrì ní iná, fún bẹ́líìtì tuntun náà, sípánà mìlímítà 12 ni ó ń gbà. Ó ki sípánà ìdajì íǹṣì bọ̀ ọ́, èyí tí ó jẹ́ mìlímítà 12.7, ó sì ń fi gbogbo agbára yí i nínú òkùnkùn. Nígbà tí a wọ́ ọkọ̀ náà dé ilé, mo fi ọwọ́ kan orí bóòtù náà: igun rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti jẹ tán, ó ń yọ̀ lábẹ́ àtàǹpàkò, eruku irin wẹ́wẹ́ sì ń tàn nínú gírísì tí ó yí i ká.

Bàbá Ìbejì, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí a bi léèrè irinṣẹ́ tí a óò gbé, kí a tó lọ sọ́jà. Mo tẹ́ ẹní sí ojúde, mo ní kí Wàsíù da àpótí náà sí i, àwa méjèèjì sì wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ. Gbogbo bóòtù tí ọwọ́ lè dé ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni a fi sípánà wọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan. Sípánà 10, 12, 14, 17 àti 19 ni ó kárí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, 21 sì ni ti nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ táyà. Èyí tí kò bá bóòtù kankan mu lára Hilux náà ti wọ yàrá ẹrù. Ó fẹ́ mú irinṣẹ́ tí a fi ń ṣí orí ẹ́ńjìnnì dání, ṣùgbọ́n mo bi í pé ta ni yóò ṣí orí ẹ́ńjìnnì nínú ẹrẹ̀, lábẹ́ òjò. Ohun tí a ń wá níbẹ̀ kò ju pé kí ọkọ̀ lè rìn dé ojú títì lọ, níbi tí mẹkáníìkì ti lè bá a.

Ohun èlò táyà ni mo ní kí ó tò sẹ́yìn àga, níbi tí àpò ẹ̀gẹ́ kò ti lè bò ó mọ́lẹ̀, nítorí táyà ni igbó kọ́kọ́ ń jẹ. Jáàkì nìkan kò tó. Bí a bá gbé e lé ilẹ̀ rírọ̀, òun ni yóò máa rì, ọkọ̀ yóò sì dúró gbọn-in síbi tí ó wà. A gé pákó kan tí ó nípọn, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan, tí jáàkì yóò máa dúró lé. Mo sì tẹnu mọ́ ọn fún un pé abẹ́ ásùlù, irin tí ó so ẹsẹ̀ táyà méjì pọ̀, ni kí ó ti máa gbé ọkọ̀, nítorí bí ó bá ti abẹ́ ṣáásì, egungun ọkọ̀, gbé e, sípíríìǹgì yóò kọ́kọ́ na tán kí táyà tó kúrò nílẹ̀, jáàkì sì lè má ga tó bẹ́ẹ̀. Fún ihò ìṣó, a ra rọ́bà alálẹ̀mọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ àti irin méjì tí a fi ń gbo ihò, tí a sì fi ń ti rọ́bà náà wọlé, pẹ̀lú pọ́ǹpù tí a ń so mọ́ bátìrì. Ojú táyà tí ń tẹ ilẹ̀ nìkan ni ìyẹn wà fún; bí igi bá gún ẹ̀gbẹ́ táyà, sípíà ni kí ó yọ.

Àwọn yòókù kò gba àròyé: pláyà, òòlù, ayùn irin, fíúsì, téèpù wáyà, wáyà ìdè, àdá, ṣọ́bìrì, omi, àti ọṣẹ líle tí a lè fi dí ihò kékeré lára táǹkì títí a ó fi délé. Mo fi fíltà dísù kan kún un. Ó yà mí lẹ́nu pé Wàsíù kò mọ̀ pé pọ́ǹpù ọwọ́ wà lórí fíltà náà, tí a ń tẹ̀ léraléra títí yóò fi le, bí afẹ́fẹ́ bá wọ ọ̀nà dísù tí ẹ́ńjìnnì sì kọ̀ láti jí.

Lẹ́yìn náà, mo ní kí ó fi kìkì ohun tí ó wà lórí ẹní pààrọ̀ bóòtù tí ó bàjẹ́ náà àti bẹ́líìtì, láìyá ti ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni a ti rí i pé sípánà kò ráyè yí ní ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ alternator, a sì fi sọ́kẹ́ẹ̀tì àti ọ̀pá gígùn kún ẹrù. Inú mi dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọmọ náà ní làákàyè.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ okùn ìfàkọ̀ kò jẹ́ kí n sùn. Bí ọkọ̀ ẹlòmíràn bá rì, Wàsíù a máa so okùn mọ́ irin olórí roboto tí ó wà lẹ́yìn Hilux náà, èyí tí a ṣe fún fífa tírélà, a sì ki eré mọ́lẹ̀ láti já a gbà. Bí okùn bá le tán, irin yẹn lè kán, okùn yóò sì ta á bí ọta kànnàkànnà, gba inú gíláàsì kọjá. Ó ti pa ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní Ọsirélíà. Mo ra ṣákọ̀ọ̀lù irin méjì, ìyẹn ìkọ́ tí a fi ń so okùn mọ́ ọkọ̀, fún un, irú èyí tí wọ́n tẹ 4.75 sí lára, ìyẹn ìwọ̀n tọ́ọ̀nù tí ó lè gbà, mo sì fi ibi tí a dè mọ́ ṣáásì gan-an hàn án, pé ibẹ̀ ni kí ó máa so ó mọ́. Mo ní kí ó máa ju àpò tí ó wúwo lé àárín okùn, kí àwọn èrò sì jìnnà réré. Ó ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀: ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ ọ́ létí.

Ìwọ ni o kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà, ọ̀rẹ́ mi, ohun tí o bá sì sọ ni ó ń gbà. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, pè é, kí o sì bá a sọ ọ̀rọ̀ irin tírélà yẹn kí wọ́n tó padà wọ oko. Má ṣe jẹ́ kí ó mọ̀ pé èmi ni mo kọ̀wé sí ọ. Lẹ́yìn ìrun Iṣáì ni ó máa ń wà nílé, tí ó sì máa ń gbé fóònù.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Mùsílíù.