Lẹ́tà sí Bàbá mi Oníkòkó

Bàbá mi,

Wọ́n ti gbé ìwọ̀n yín lọ. Ọmọ yín tó wà nílé ló tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. Òun náà ló ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, tó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ohun tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà." Ó fi ẹ̀rín sí i. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Adó nígbà tó wọlé, mò ń wọn ìrẹsì fún oníbàárà. Mo gbé kóńgò sílẹ̀. Mo fi ìka méjì fẹ fọ́tò yẹn títí ó fi tóbi, mò ń wá etí ìwọ̀n náà lápá ọ̀tún, níbi tí ọ̀dà ti ṣí. Ó ṣì wà níbẹ̀. Kò ju kọ́bọ̀ àtijọ́ lọ. Oníbàárà ní, "Ìyá, ṣé kò sí?" Mo ní kò sí.

N kò kọ ìwé sí òkú rí. Bí àwọn ìjọ wa bá gbọ́, wọn á ní mo ti ń bá òkú sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́. Láti 2011 tí a ti sin yín sí Ẹ̀fọ̀n, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù láàárín wa, n kò sì rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún tí kò ní kọ́kọ́ gbè sẹ́yìn yín.

Ẹ mọ ìgbà tí mò ń wí. Ìjọba ti tú ìgbìmọ̀ tó ń ra kòkó ká ní 1986, owó kòkó ti fò sókè, gbogbo ẹni tó bá ti ní ìwọ̀n àti kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ ti di oníkòkó. Ẹ̀yin ti wà nídìí rẹ̀ ṣáájú wọn, ẹ kì í sì í jẹ́ kí wọ́n gbàgbé. Ẹ ó ki ọwọ́ bọ àpò, ẹ ó bu kòkó ẹ̀kúnwọ́, ẹ ó fún un létí yín. Bó bá ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ó gbẹ nìyẹn. Bó bá dákẹ́, ẹ ó dà á padà, ẹ ó wá máa wo olóko lójú. Èmi ni mò ń kọ iye kílò sínú ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára, ẹ sì máa ń fi mí yangàn fún àlejò pé, "Ọmọ àbúrò mi nìyí. Akọ̀wé mi ni."

Ìyá yẹn wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan. Ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ rẹ̀ tó kú ló wọ̀, aláwọ̀ ewé, bọ́tìnnì mẹ́ta péré ló kù lára rẹ̀. Àpò kan ṣoṣo ló gbé wá, kòkó náà sì gbẹ. Èmi gan-an gbọ́ bó ti ń dún lọ́wọ́ yín. Ẹ gbé e lé ìwọ̀n. Ìyá yẹn ń wo ọ̀pá ìwọ̀n bí ẹni tí kò mọ̀wé ṣe ń wo lẹ́tà tí ọmọ rẹ̀ kọ. Èmi ń wo ilẹ̀ ní tèmi, torí pé bírò mi jábọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ yín. Ó yọ jáde lẹ́nu sílípáàsì, èékánná rẹ̀ sán láàárín, ó rọra wọ abẹ́ etí ìwọ̀n bí ọmọ eku tó ń wọ ihò, ó sì tì í sókè. Ẹ pe kílò. Mo kọ ọ́. Nígbà tí mo gbójú sókè, ojú yín ti wà lára mi.

Ẹ kò sọ nǹkan kan. Ẹ kówó fún ìyá náà, ó sì ṣàdúrà fún yín, ó ní Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí. Bó ti lọ tán, ẹ pe alákàrà, ẹ ra mẹ́fà, ẹ ní kí n wá jókòó tì yín kí n jẹ ẹ́. Mo jẹ ẹ́. Ó gbóná, ata inú rẹ̀ pọ̀, mo sì pọ́n ọwọ́ lá. Bàbá mi, ìwọ̀n yẹn kọ́ ló ń dà mí láàmú láti ọjọ́ yìí wá. Àkàrà ni.

Ní Sọ́ńdè ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ̀yin lẹ gba àdúrà ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Sáàmù kọkànléláàádọ́ta lẹ fi bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe yín, ẹ sì sunkún. Kì í ṣe ẹkún ẹnu. Omijé bọ́ sí yín láṣọ, imú yín dí, ohùn yín wọlẹ̀. Gbogbo ìjọ ń ṣe àmín. Èmi nìkan ni mò ń wo bàtà yín, bàtà dúdú tó ń dán, tó bo ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá mọ́lẹ̀.

Ẹ kì í jẹ́ ká gbàgbé irú ilẹ̀ tí a bí wa sí. Wòlíì Babalọlá, tó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì kí ó tó gbọ́ ìpè Ọlọ́run ní 1928, wá sí Ẹ̀fọ̀n lẹ́yìn ìsọjí tó bẹ́ sílẹ̀ ní Iléṣà ní 1930. Ẹ̀fọ̀n náà ni wọ́n sì gbé e wá sin nígbà tó sùn ní Ẹdẹ ní 1959. Ìyá yín wà lára àwọn tó kó ońdè àti ìgbàdí jáde kí wọ́n lè sun ún. Ẹ máa ń sọ ìtàn yẹn bíi pé ẹ̀yin lẹ ṣáná sí i, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì bí yín. Èmi máa ń rò ó nígbà náà pé ó rọrùn fún wọn. Ẹ̀ṣẹ̀ tiwọn ṣe é kó sínú agbọ̀n, ó ṣe é sun. Ta ni yóò sun ìka ẹsẹ̀?

Ẹ rántí ọjọ́ Ìkọ̀gòsì. 1995 ni, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ lọ ṣeré níbẹ̀, ẹ̀yin sì ni alàgbà tó kó wa lọ. A dúró níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, gbogbo àwọn ọmọ ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, wọ́n ń pariwo. Ẹ wá fi omi yẹn wàásù fún wa, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni inú ọmọ ènìyàn rí, ẹni àtijọ́ àti ẹni titun ń ṣàn pọ̀ nínú ara kan. Mo dúró kí àwọn tó kù lọ jẹun. Mo wá sọ fún yín pé omi méjèèjì yìí kò tan ẹnikẹ́ni jẹ, ẹni tó bá tọwọ́ bọ̀ ọ́ á mọ èyí tó gbóná. Ẹ mọ ohun tí mò ń sọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní àwọn olóko ń rin omi sí kòkó kó lè wúwo, ìka ẹsẹ̀ yín ló ń bá wọn yọ omi náà kúrò. Mo ní tìyá yẹn gbẹ. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu yín. Ẹ ní, "Ọmọ mi, èmi náà mọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé…" Mo ti dìde. N kò dúró gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Títí tí ẹ fi kú, n kò bi yín mọ́, ẹ kò sì padà sórí ọ̀rọ̀ náà. Nígbàkígbà tí mo bá wá sílé, "ṣé ulé la bá ọ" lẹ máa ń sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà, bíi pé èmi ni mo ń gbàlejò yín.

Ohun tí ẹ fi ṣe mí ni pé mo di ọ̀gá nínú ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n. Ọdún kọkàndínlógún tí mo ti ń ta ìrẹsì rèé. Ẹ wá wo kóńgò mi. Àwọn kan ń fi òkúta lu ìdí tiwọn kó lè wú sínú, kó má gba ìrẹsì púpọ̀. Tèmi tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo máa ń yí i sókè kí oníbàárà fọwọ́ kàn án, kódà ẹni tí kò béèrè. Mo fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ pé, "Ìyá yìí kì í réni jẹ." Ìlẹ̀kùn kan ni ẹ fi hàn mí pé ẹ̀ṣẹ̀ ń gbà wọlé, mo sì ti jókòó tì í láti ọjọ́ náà, mo mú ọ̀pá dání. Ọ̀bẹ mímú ni mí sí yín, èkù ara mi ni n kò gbẹ́.

Bàbá mi, èmi ni akápò ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa.

Ẹ ó ti máa fura báyìí. Ọmọ mi obìnrin wọ ilé ìwé gíga lọ́dún yìí, ọjọ́ tí wọ́n dá fún owó ìgbàwọlé ti sún mọ́, ìrẹsì tí mo fi gbogbo owó mi rà sì lulẹ̀ lọ́jà, ó wà níbẹ̀ tí kò ṣe é tà ní iye tí mo rà á. Owó ìkórè wà lọ́wọ́ mi. Mo mú 165,000 náírà níbẹ̀. Yíyá ni mo pè é. Mo tiẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan bíi pé ẹnì kan jókòó yá mi, mo fi déètì sí i, mo sì fọwọ́ sí i. Ẹ wo bí ìwé náà ti mọ́ tó! Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ṣì dára.

Ìyẹn ì bá ṣì jẹ́ ohun tí ènìyàn lè dìde sọ. Ní ìpàdé tó kọjá ni wọ́n ní kí n ka iye tó wà nílẹ̀. Mo ka 612,000 sí wọn létí. Ohùn mi kò gbọ̀n. Wọ́n pàtẹ́wọ́, Ìyá Ẹgbẹ́ wá gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní Ọlọ́run á dá ẹ̀mí mi sí.

Ní Sọ́ńdè lẹ́yìn rẹ̀, a ka Sáàmù kọkànléláàádọ́ta. Mo sunkún débi pé ẹni tó jókòó tì mí fún mi ní áńkáṣíìfù. Mo wo ara mi bí mo ti ń sunkún, mo ń wá ibi tí irọ́ wà nínú ẹkún náà, n kò rí i. Òótọ́ ni. Owó náà sì wà níta síbẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí omijé tó bọ́ sí yín láṣọ, tí mo ti pè ní eré láti ọgbọ̀n ọdún ó lé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mo fẹ́ fi èyí dá yín láre. Inú ṣì ń bí mi. Dáfídì ní Nátánì tó wọlé tọ̀ ọ́ wá, tó sọ ọ́ sí i lójú. Ẹ̀yin kò ní Nátánì. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kan lẹ ní, ẹ sì fi àkàrà dí i lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n mo ti ń wo àdúrà Dáfídì yẹn láti ọjọ́ mẹ́ta, àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ mọ̀ lórí ju mí lọ. "Dá" ló kọ́kọ́ sọ: kí Ọlọ́run dá àyà titun sínú òun, bó ti dá ọ̀run òun ayé, látinú òfìfo. Kò tíì mí tó fi ní kí ó "tún" ọkàn dídúró ṣinṣin "ṣe" sínú òun. Mo ti ń ka méjèèjì papọ̀ bí ohun kan náà. Bí Ọlọ́run bá ti dá a ní titun, kí ló tún kù tí yóò tún ṣe? Àbí ẹni tí wọ́n ti dá ní titun náà ṣì ń bàjẹ́, tí yóò máa gbé ara rẹ̀ padà wá bí aago tó ń dúró? Pásítọ̀ wa á ní ìdáláre nìyí, ìsọdimímọ́ nìyẹn, yóò sì jókòó. Èmi ń bi yín torí pé ẹ ti gbé inú rẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí ẹ fi ń gba àdúrà yẹn, ṣé ìka ẹsẹ̀ yín ń wúwo sí i? Ǹjẹ́ ọjọ́ kan wà tó dé etí ìwọ̀n tí kò wọ abẹ́ rẹ̀?

Mo bi yín torí nǹkan kan. Nígbà ìsìnkú yín, obìnrin kan tí a kò mọ̀ wá, ó gbé adìyẹ méjì wá, ó sì dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin síwájú pósí yín. Ó ní ẹ̀yin lẹ san owó ilé ìwé òun láti fọ́ọ̀mù wáànù dé òpin, ẹ kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ìyá-ìyá òun. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi tí mo fẹ́ bi í: ṣé ìyá-ìyá rẹ̀ máa ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin? Àwọn ènìyàn ń pè mí pé kí n wá pín ìyán. Nígbà tí mo jáde, ó ti lọ. Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi? Ẹ jẹ́ kí n máa gbé ẹ̀ṣẹ̀ yín kiri fún ogún ọdún, bóyá ẹ sì ti ń san án díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn mi. Tàbí ọmọ ẹlòmíràn ni. N kò ní mọ̀ láéláé.

Sákéù kò tíì dá kọ́bọ̀ kan padà nígbà tí Jésù ní òun ń bọ̀ nílé rẹ̀. Orí igi ló ṣì wà, owó àwọn ará ìlú ṣì wà lápò rẹ̀. Ìlọ́po mẹ́rin tó ní òun yóò san padà, lẹ́yìn tí àlejò ti wọlé ló sọ ọ́. Apá ibẹ̀ yẹn ni mo ń dì mú láti àná, torí pé n kò ní 165,000, n kò sì mọ ibi tí màá ti rí i kí ìkórè tó dé.

Agogo mẹ́rin ni ìpàdé, ilé mi sì ni lónìí. Mo ti fi àga méjìlá sí pálọ̀. Ìwé àkáǹtì ẹgbẹ́ wà níwájú mi níbi tí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, mo ti fa ìlà sí 612,000, mo sì ti kọ 447,000 sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ mi gbọ̀n nídìí mẹ́rin kejì, ó rí wọ́gọwọ̀gọ, ẹ kò ní lè fi í yangàn fún ẹnikẹ́ni. Mo ń gbọ́ ohùn Ìyá Ẹgbẹ́ lẹ́nu géètì. Ó tètè dé bó ṣe máa ń tètè dé, ó ń béèrè pé ta ló wà nílé.