Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà gbé ègbè

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí ẹ ti ní àwọn ọmọ ìwòyí ò ní sùúrù, pé bí ẹ̀kọ́ bá ti di ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á pa kámẹ́rà, wọ́n á lọ máa ta géèmù. Mo kà á tán, mo tún padà kà á. Ẹ má bínú sí mi, ẹjọ́ olùkọ́ lẹ gbé lé ọmọ lórí.

Olùkọ́ ni èmi náà. Ọdún 33 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn kí n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí kòrónà sé gbogbo wa mọ́lé ní 2020, ọmọ mi obìnrin tó wà ní Manchester fà mí sídìí iṣẹ́ mìíràn. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ tí àwọn Yorùbá bí sí Ìlú Ọba ní èdè wa lórí Zoom ní gbogbo Sátidé. Mẹ́ta ni wọ́n nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti di mọ́kànlá. Bàbá Tíṣà ni wọ́n ń pè mí.

Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ohun tí ẹ kọ gẹ́lẹ́ ló ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo gbé pátákó kékeré sẹ́yìn, mo jókòó síwájú fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo ń sọ, mo ń sọ, bíi pásítọ̀ tí wọn ò fún láago. Kó tó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ojú kan ṣoṣo ló kù lójú fóònù, ojú èmi náà ni. Àwọn yòókù ti di orúkọ funfun nínú àpótí dúdú. Mo pe ọmọkùnrin kan, mo tún un pè. Àbúrò rẹ̀ ló dá mi lóhùn: "Bàbá Tíṣà, ó ti lọ gbá bọ́ọ̀lù."

Inú bí mi. Mo pe ọmọ mi, mo ní mi ò ṣe mọ́, àwọn ọmọ òyìnbó wọ̀nyí ti bàjẹ́. Ó jẹ́ kí n rojọ́ tán, ó wá bi mí pé, "Dádì, nígbà tí ẹ ń pàlọ́ fún wa tí NEPA bá mú iná lọ, ta ló ń sùn nínú wa?"

Kò sẹ́ni tó ń sùn. Bí wọ́n bá sùn, ta ni yóò gbè mí lẹ́sẹ̀? Bí mo bá ní "Ààlọ́ o!", tí ẹnikẹ́ni ò bá ní "Ààlọ̀!", mi ò lè tẹ̀síwájú. Apàlọ́ ò sì lè dá sọ̀rọ̀ pẹ́ títí kí orin tó dé, kí àwọn tó jókòó tó gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé láti ọjọ́ tí mo ti ń jókòó síwájú fóònù, mi ò fi àyè ègbè sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ mi tún fi ìwádìí kan hàn mí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 2014 lórí àwọn fídíò ẹ̀kọ́ edX, ibi tí ènìyàn ti ń kẹ́kọ̀ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìgbà mílíọ̀nù 6.9 tí ènìyàn tẹ fídíò láti wò ó ni wọ́n gbé yẹ̀ wò. Bó ti wù kí fídíò gùn tó, ìdajì àwọn tó ń wò ó kì í dúró ju ìṣẹ́jú 6 lọ. Ẹ sì rántí pé àwọn yẹn fi ẹsẹ̀ ara wọn wá ni, kò sí ìyá kankan tó dì wọ́n mú. Ẹ wá fẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́fà jókòó fún wákàtí kan?

Mo wá sáré gbé àlọ́ wọ Zoom. Ó tún fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Bí mọ́kànlá bá gbé orin lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn wọn kì í dé papọ̀. Ti ọmọ kan á dé, ti èkejì á ṣì wà lójú ọ̀nà. Zoom náà á mú ohùn ẹni tó lágbára jù, á fi ọwọ́ bo ẹnu àwọn yòókù. Ègbè tó yẹ kó dùn á wá dà bí ti ọ̀pọ̀lọ́ lálẹ́ ọjọ́ òjò. Èyí tó dùn mí jù ni ti gángan. Mo mú gángan bàbá mi jáde, mo lù ú, àwọn ọmọ ń wo ọwọ́ mi, wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Ariwo ni Zoom pè é, ó sì ń gbọ́n ọn dànù! Ọmọ-ọmọ mi ló fi ibi tí wọ́n kọ "Original Sound" sí hàn mí, èyí tó ń jẹ́ kí Zoom fi ohùn sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́, gángan fọhùn ní Manchester.

Ohun tí mo wá ń ṣe lórí ègbè nìyí. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní elégbè tirẹ̀, a máa ń ṣẹ́ kèké mú un. Máìkì tirẹ̀ nìkan ló ń ṣí, àwọn yòókù á pa tiwọn, wọ́n á máa kọ ọ́ nílé wọn. Mi ò gbọ́ wọn, ṣùgbọ́n mo ń rí ẹnu wọn. Mi ò fi agbára mú ẹnikẹ́ni ṣí kámẹ́rà láti ìgbà yẹn. Ọmọ tó ń jó fẹ́ kí wọ́n rí òun, òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣí i.

Àlọ́ àpamọ̀ ló wá gbé wa débi tí mi ò rò. Mo ní, "Òkun ń hó yaya, ọ̀sà ń hó yaya, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́." Ọ̀kan ní ọkọ̀ abẹ́ omi ni. (Ó ní làákàyè, ẹ má rẹ́rìn-ín.) Mo ní ìdáhùn rẹ̀ wà ní ilé ìdáná wọn, mo fún wọn ní ìṣẹ́jú kan. Ariwo ẹsẹ̀! Wọ́n gbé ìkòkò dé, wọ́n gbé ṣíbí dé, ọmọ kan gbé ìyá rẹ̀ dé. Ẹni tó gbé orógùn wá kò mọ̀ ọ́n lórúkọ, ó kàn gbé e sókè ni. Títí di òní, mi ò rò pé ọ̀kan nínú wọn lè gbàgbé orógùn, bẹ́ẹ̀ ìgbà mẹ́rin ni mo ti kọ ọ́ sójú pátákó tẹ́lẹ̀.

Zoom ọ̀fẹ́ ni mo ń lò, ogójì ìṣẹ́jú ló sì ń fún wa kó tó lé wa jáde. Mo ti bú u rí. Ní báyìí, ó wù mí bẹ́ẹ̀, torí àwọn ọmọ ń jáde nígbà tí wọ́n ṣì fẹ́ sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀, mo máa ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àlọ́ kan péré, kì í pé ìṣẹ́jú kan. Ọmọ gbọ́dọ̀ fi ohùn tirẹ̀ dáhùn kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Dátà díẹ̀ ló ń jẹ, ìyẹn sì ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì, láti ìgbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ fóònù, ti gbà kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú 100 lé owó wọn ní oṣù kìn-ín-ní 2025.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa bá ọmọ dáhùn. Mo bi ọmọ kan ní iye tí mẹ́wàá àti márùn-ún jẹ́. Ó dákẹ́, mo gbọ́ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó wá dáhùn ketekete: "Ẹ́ẹ̀ẹ́dógún, má jẹ́ kí bàbá mọ̀ pé èmi ni mo sọ ọ́." Mo fún un ní máàkì. Ó sọ gbólóhùn Yorùbá tó gùn jù lọ́jọ́ náà.

Kí wọ́n má baà ní ìtàn òkè òkun ni mò ń sọ, ẹ wo ilé. WNTV, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn, bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn níbí ní 1959, ìrànlọ́wọ́ fún ẹ̀kọ́ sì wà lára ohun tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní àwọn fẹ́ fi ṣe. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé Ọpọ́n Ìmọ̀, tablet àwọn akẹ́kọ̀ọ́, jáde ní 2013, ìwé àti ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ wà nínú rẹ̀. Ní 2020, tí ilé ìwé wà ní títì láti oṣù kẹta, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gbé ẹ̀kọ́ sórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Mo gbọ́ lára ti rédíò yẹn. Olùkọ́ náà mọ iṣẹ́, ohùn rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n kò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ọmọ tó wà nílé lè dáhùn. Ó béèrè, ó sì dá ara rẹ̀ lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún péré ni ì bá fi dákẹ́. Kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀. Babaláwo tó sì ni ọpọ́n tí wọ́n yá orúkọ yẹn lò, bó bá ń sun ìyèrè, àwọn tó jókòó tì í ń gbè é, kì í dá a sun.

Nítorí náà, nígbàkigbà tí ẹ bá tún fẹ́ kọ iye tablet tí ìjọba kan pín, ẹ bá wa béèrè iye ọjọ́ tí wọ́n fi kọ́ àwọn olùkọ́ tó máa lò ó. Kí akọ̀ròyìn yín sì wá jókòó tì mí ní Sátidé kan, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. (Bó bá jẹ́ ìgbà òtútù, kó wá ní márùn-ún, torí aago wọn á ti fi wákàtí kan kẹ́yìn tiwa. Mo ti dá jókòó wo ara mi rí fún odidi wákàtí kan nítorí ìyẹn.) Kó wá pẹ̀lú ohùn o. Orúkọ rẹ̀ á wà nínú kèké elégbè.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Òkè-Àdó, Ìbàdàn.