Ẹ̀yin olóòtú, tírénìn ọjọ́ kan ò tó wa

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan.

Mi ò kì í kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn, ọmọ mi ló ń bá mi tẹ eléyìí lórí fóònù, torí náà tẹ́ ẹ bá rí àṣìṣe ẹ bá wa fojú fò ó. Fọ́tò kan tẹ́ ẹ gbé jáde ló fà á. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tò gbọọrọ, kálukú gbé satífíkéètì sáyà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ẹ wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé wọ́n ti múra wọn sílẹ̀ de àjàkálẹ̀ àrùn tó bá tún fẹ́ yọjú, pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣe é. Mo wo fọ́tò yẹn títí. Mi ò rí ẹnì kan tó wọ ìbọ̀wọ́ níbẹ̀, mi ò rí gáùn, mi ò rí ìbòmú. Satífíkéètì nìkan ni mo rí.

Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, àmọ́ nígbà tí Kòrónà dé lọ́dún 2020 mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó àwọn tó mú sí gan-an ni wọ́n gbé mi lọ. Èmi náà gba satífíkéètì yẹn. Bí wọ́n ṣe ṣe tiwa rèé: wọ́n kó àwa bí 60 sínú yàrá kan, ọ̀gá kan ń ka ohun tó wà lára ògiri sí wa létí, àwa náà sì mọ̀wé kà o, nígbà tó yá wọ́n pe ẹnì kan síwájú pé kó wọ aṣọ ààbò ká rí i, ẹyọ kan péré ni wọ́n mú wá torí wọ́n ní ìyókù wà fún lílò, pé kò yẹ ká fi ṣòfò. Ó wọ̀ ọ́, a pàtẹ́wọ́. Bó ṣe bọ́ ọ, mi ò rí i, torí àwọn tó jókòó níwájú mi ti dìde, wọ́n rò pé ó ti parí. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn tí ò lè mí.

Wíwọ̀ yẹn ò le. Ìgbà téèyàn bá fẹ́ bọ́ ọ ló ń kó sí wàhálà. Ẹ wò ó báyìí: ẹ ti wà nínú ọ̀rá yẹn fún wákàtí mẹ́fà, òógùn ti ṣàn dé inú bàtà, òùngbẹ ń gbẹ yín, ìtọ̀ ń gbọ̀n yín, awò tó wà lójú yín ti ṣú, ikọ́ àti itọ́ aláìsàn ti wà lára gbogbo ìta aṣọ yẹn. Ohun tí ara ń bẹ̀ yín fún ni pé kẹ́ẹ fa ìbòmú yẹn sọ nù kẹ́ẹ mí. Ìbòmú yẹn ló sì yẹ kó kẹ́yìn! Ìbọ̀wọ́ ló ń kọ́kọ́ kúrò, kẹ́ẹ fi ọ̀kan wé èkejì sínú, lẹ́yìn ìyẹn awò ojú, ẹ̀yìn orí lẹ ti máa dì í mú torí iwájú ẹ̀ ti dọ̀tí, gáùn lẹ máa fà kúrò léjìká kẹ́ẹ máa ká a kí ìta ẹ̀ wọnú, ẹ máa jáde kúrò nínú yàrá náà pátápátá kẹ́ẹ tó fọwọ́ kan okùn ìbòmú, ẹ máa wá fọwọ́, tó bá jẹ́ ọṣẹ àti omi 40 sí 60 ìṣẹ́jú àáyá, tó bá jẹ́ sánítáísà 20 sí 30. Tí ọwọ́ bá sì ṣèèṣì kan ohun tó dọ̀tí láàárín gbogbo eléyìí, ẹ fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀ kẹ́ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Ta ló fẹ́ ka gbogbo ìyẹn lára ògiri lẹ́ẹ̀kan kó wá rántí ẹ̀ nígbà tó ti rẹ̀ ẹ́ dé egungun?

Ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ wa, kò tíì pẹ́ tó parí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ọmọ tó já fáfá gan-an. Lọ́jọ́ kan mo dúró lẹ́nu ọ̀nà mò ń wò ó bó ṣe ń bọ́ aṣọ, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ dáadáa, ó bọ́ awò ojú, ó wá gbé apá gáùn tó wà lọ́rùn ẹ̀ sókè, ó fi nu òógùn ojú. Mo kígbe. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, kò mọ̀ rárá pé òun ṣe nǹkan kan. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, ibà gbé e dè. Bóyá ibẹ̀ ló ti kó o, bóyá ibòmíì ni, kò sẹ́ni tó lè búra, ara ẹ̀ yá nígbẹ̀yìn a dúpẹ́, àmọ́ òógùn tó nù yẹn ò kúrò lójú mi títí dòní. Ká ní ẹnì kan dúró tì í tó ń pe é fún un ní ìkọ̀ọ̀kan ni, bọ́ eléyìí, dúró, fọwọ́, ó yá bọ́ tọ̀hún. Kì í ṣe èmi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a sílẹ̀ o. Nígbà tí Ebola mú nọ́ọ̀sì méjì ní ìlú Dallas l'Amẹ́ríkà lọ́dún 2014, àjọ CDC wọn tó ń gbógun ti àrùn tún ìlànà ṣe ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn pé ẹnì kankan ò gbọ́dọ̀ dá wọ̀ ọ́ tàbí dá bọ́ ọ láìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó ń wò ó. Lọ́dọ̀ tiwa, mélòó la tiẹ̀ jẹ́ lórí iṣẹ́ òru tí ẹnì kan á fi ráyè máa wo ẹlòmíì.

Ìbòmú N95 náà ńkọ́. Gbogbo èèyàn ló ti gbọ́ pé ó ń gba ó kéré tán 95 nínú 100 lára àwọn nǹkan kéékèèké tó wà nínú afẹ́fẹ́ dúró, òótọ́ ni, tó bá lẹ̀ mọ́ ojú yín. Tí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ̀gbẹ́ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Wọ́n máa ń dán an wò ni, wọ́n á fi nǹkan bí àpò bo orí yín, wọ́n á fín nǹkan kíkorò sínú ẹ̀, tí ìkorò yẹn bá kàn yín lẹ́nu, ìbòmú yẹn ò bá ojú yín mu, ẹ wá òmíì. Ní gbogbo ọdún tí mo lò, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ṣe é fún mi, Kòrónà sì ti fẹ́ máa lọ nígbà yẹn. Irùngbọ̀n náà kì í jẹ́ kó lẹ̀ o! Dókítà wa kan tó fẹ́ràn irùngbọ̀n ẹ̀ ju ẹ̀mí ẹ̀ lọ bá wa jà fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kó tó fá a, ó sì lẹ́wà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ kò gbà.

Ohun tí wọ́n máa ń gbàgbé nínú gbogbo tírénìn yìí ni pé kéèyàn tó wọ gáùn, ó ti gbọ́dọ̀ fura. Ìfura lògùn àgbà. Oṣù kejì ọdún 2003 ni wọ́n pe Dókítà Carlo Urbani, ará Ítálì tó ń bá Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ṣiṣẹ́ ní Vietnam, pé kó wá wo aláìsàn kan ní Hanoi, òun ló tètè rí i pé eléyìí kì í ṣe àìsàn tí a mọ̀, ó ta àgbáyé lólobó, SARS ni wọ́n wá ń pe àrùn èémí yẹn, òun náà ló pa á ní oṣù kẹta. Ní 2014 Dókítà Ameyo Adadevoh náà fura sí ẹni tó ti Liberia wọ̀lú, kò jẹ́ kó jáde lọ́sibítù bó ti wù kí wọ́n yọ ọ́ lẹ́nu tó, ẹ̀mí ẹ̀ ló fi dí i, èèyàn 20 péré ni Ebola mú ní Nàìjíríà, 8 ló kú, nígbà tó ń pa wọ́n lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún láwọn orílẹ̀-èdè mẹ́ta tó wà nítòsí. Kò sí gáùn tó ń kọ́ni ní irú ojú yẹn. Ẹni tó jókòó sí kọ̀ǹtà níbi tí aláìsàn ti ń gba káàdì ló yẹ kó kọ́kọ́ ní i, kó mọ̀ pé tẹ́nì kan bá dé pẹ̀lú ibà àti ikọ́, ìbéèrè wo ni òun máa bi í, ibo ni kó ní kó jókòó sí.

Àmọ́ wọn kì í pe onítọ̀hún sí sẹ́mínà. Wọn kì í pe àwọn tó ń nu ilẹ̀, wọn kì í pe àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn, wọn kì í pe dírẹ́bà ábúláǹsì. Ìyá kan ló ń gbá wọ́ọ̀dù wa, ọwọ́ lásán ló fi ń kó àpò ìdọ̀tí tí a bọ́ gbogbo aṣọ yẹn sí. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé, “Nọ́ọ̀sì, kí ló wà nínú nǹkan yìí tẹ́ ẹ ò fi kì í fẹ́ súnmọ́ ọn?” Ojú tì mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti ń kó o nígbà yẹn.

WHO fojú bù ú pé láàárín oṣù kìíní 2020 sí oṣù karùn-ún 2021, òṣìṣẹ́ ìlera tí Kòrónà pa káàkiri àgbáyé wà láàárín 80,000 sí 180,000. SARS náà, nínú èèyàn bí 8,096 tó mú, bí 1,700 ló jẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera. Ọ̀kan nínú márùn-ún nìyẹn o, ẹ̀yin olóòtú. Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n wá pa iná ni iná ń jó.

Wọ́n á ní owó ò sí. Owó wà láti ra fẹntilétọ̀, ẹ̀rọ tó ń bá aláìsàn mí, nígbà yẹn ṣá. Wọ́n gbé e dé, wọ́n ya fọ́tò ẹ̀, ẹni tó máa lò ó ni wọn ò rí. Nọ́ọ̀sì tó ti ń wo aboyún láti ọdún mẹ́wàá ni wọ́n gbé wá kó wá máa ṣọ́ ọ, ó ń wò ó, fẹntilétọ̀ náà ń pariwo, òun náà fẹ́ máa sunkún. Yíyí aláìsàn dojú bolẹ̀ lásán, tó máa ń jẹ́ kí ọ́síjìn ráàyè wọlé dáadáa sí i, ó ń fẹ́ èèyàn bíi márùn-ún, ẹnì kan di orí àti rọ́bà ọ̀fun mú, òun náà ló ń kà á kí gbogbo wọn tó yí i lẹ́ẹ̀kan náà. Tí rọ́bà yẹn bá yọ, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ nìyẹn. Irú ẹ̀ ò ṣeé kọ́ lọ́jọ́ tí aláìsàn ti ń kú lọ.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Orílẹ̀-èdè South Korea, àrùn MERS, àrùn èémí tó jọ SARS, ló kọ́ wọn lọ́gbọ́n lọ́dún 2015, èèyàn 186 ló mú, ó pa 38, inú ọsibítù gan-an ni púpọ̀ nínú wọn ti kó o. Wọ́n tún òfin wọn ṣe, wọ́n tún bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́ẹ̀sì ṣe, nígbà tí Kòrónà fi máa dé wọn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibi tí wọ́n máa gbà. Wọ́n ní ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, tó bá rí ẹkòló á sá. Àwa tí Kòrónà bù jẹ yìí, ta ló ń sá nínú wa? Láti oṣù karùn-ún 2023 tí WHO ti ní pàjáwìrì yẹn ti kúrò nílẹ̀, ẹ bi nọ́ọ̀sì tó bá súnmọ́ yín jù léèrè ìgbà tó fọwọ́ kan N95 gbẹ̀yìn.

Ohun tí mo rò pé ó tọ́ ni kí wọ́n máa ṣe é lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, nínú àkókò iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó ẹ̀ fúnni, kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi wa, kí gbogbo èèyàn wọ̀ ọ́ kí gbogbo èèyàn bọ́ ọ títí dórí ẹni tó ń gbálẹ̀, gáùn tó ti lọ́jọ́ lórí wà ní sítọ́ọ̀ ọsibítù tó pọ̀ tí ò wúlò fún nǹkan míì mọ́, kí wọ́n fi ìyẹn kọ́ wa. Kí wọ́n kùn ún pẹ̀lú ohun tó ní àwọ̀, téèyàn bá bọ́ ọ tán kó wo ojú ara ẹ̀ nínú dígí, á rí ibi tó ti fi ọwọ́ kan ara ẹ̀ láìmọ̀. A ṣe é lẹ́ẹ̀kan fúnra wa nínú wọ́ọ̀dù, mo ní tèmi nímú.

Ẹ̀yin náà, nígbà tí wọ́n bá tún pè yín wá ya fọ́tò irú ayẹyẹ bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ẹnì kan nínú àwọn tó gbé satífíkéètì dání, ẹ ní kó wọ aṣọ yẹn, kó sì bọ́ ọ lójú yín. Fọ́tò ìyẹn ni kẹ́ẹ gbé jáde.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì