Wọ́n rọ ọ́ ni, àbí wọ́n dà á?

Birmingham,
Alẹ́ ọjọ́ Ajé

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Ìyàwó mi ti bọ́ sí iṣẹ́ alẹ́, àbíkẹ́yìn ti ká eyín méjì níwájú, òtútù ò sì tíì kúrò nílẹ̀. Mo ní kí n pè ọ́, àmọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì á já kí n tó dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ Màmá tó ń gbé ilé kejì sí wa ni, àwọn tó bá wa gbọ́mọ nígbà tí a kọ́kọ́ dé. Ọkọ wọn kú lọ́dún tó kọjá, ó fi ìbọn ìléwọ́ àtijọ́ kan sílẹ̀. (Fọkàn balẹ̀, òfin ibí ò ní kí ẹni tó fi irú rẹ̀ pamọ́ lásán gba ìwé àṣẹ.) Màmá fẹ́ tà á kí wọ́n lè tún òrùlé ṣe. Ọkùnrin kan tó ń ra nǹkan àtijọ́ wá wò ó. Kò lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi ní kì í ṣe ojúlówó mọ́, òun á san 200 pọ́n-ùn. Ìkánjú rẹ̀ bí mi nínú. Mo bẹ Màmá kí wọ́n jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, wọ́n ti gbé ìpara tí wọ́n fi ń dán idẹ sórí tábìlì, wọ́n fẹ́ nù ún kó máa kọ mànà! Mo sáré gbà á lọ́wọ́ wọn. Àwọ̀ tí irin fi ọ̀pọ̀ ọdún mú, ẹni tó bá ha á kúrò ti ha owó dànù, kò sì ṣeé dá padà.

Irú èyí tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ń kọ́ mọ́ ìgbànú ni. Ọ̀pá rẹ̀ gùn tó ínṣì 9, idẹ ló bo ìdí rẹ̀. Wọ́n fín adé àti GR (àmì Ọba George) sára irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì kọ TOWER (orúkọ ilé ìkóhun-ìjà ọba ní London) sí ẹ̀yìn. Ọkọ Màmá máa ń sọ pé inú ọkọ̀ ogun tó yìnbọn lu Èkó lọ́dún 1851 ló ti wá, nígbà tí wọ́n lé Kòsọ́kọ́ tí wọ́n dá Akítóyè padà sórí oyè. Orí mi wú nígbà tí mo gbọ́ ọ. Mo kàn di nǹkan náà mú, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kò síwèé kankan tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ láti nǹkan bí 1842 ni wọ́n ti ní èyí tó ń lo kápù (ìdérí irin kékeré tó máa ń bú gbàù tí òòlù bá lù ú) fún àwọn ọmọ ogun ojú omi. Olókùúta bí eléyìí, tó jẹ́ òkúta ló ń ṣáná sí ẹ̀tù rẹ̀, ti di àgbà nígbà náà. Ara irin ló yẹ ká bi.

Ohun tí ọkùnrin yẹn ń sọ ni pé wọ́n ti sọ ọ́ di alákápù rí, kí ẹnìkan tó tún sọ ọ́ di olókùúta padà kó lè tà lówó gọbọi. Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó máa ń fi àpá sílẹ̀. Wọn á ti lu ihò tí iná ń gbà wọlé tóbi kí wọ́n lè de irin tó ń gba kápù mọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ dá a padà á wá fi òrùka irin dí i. Màmá gbà kí n tú síkúrù méjì, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i. Kò sí òrùka kankan. Ẹ̀tù ti jẹ ara ọ̀pá yí ihò náà ká, ó rí bí ojú ẹni tí ilẹ̀ẹ́gbóná bá jà, ibi tó jẹ ẹ́ dé sì bá etí àwo ẹ̀tù mu rẹ́gí. Ó jọ pé wọn ò lu ihò náà tóbi rí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo.

Àfi òòlù kékeré tó fi ẹnu di òkúta mú ló ń kọ mí lóminú. Ìlà tí wọ́n fín sí etí rẹ̀ ṣì mú, bẹ́ẹ̀ ti irin ẹ̀gbẹ́ ti ń parẹ́. Bó bá jẹ́ inú ọkọ̀ ni wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tó kán, kò burú púpọ̀. Bó bá jẹ́ àìpẹ́ yìí ni wọ́n yọ́ irin tí wọ́n fi dà á, tí wọ́n fi kẹ́míkà sọ ọ́ di arúgbó, ìyẹn á gé owó Màmá.

Ibi tí mo ń lọ nìyí. Mo ti fi fọ́tò mẹ́fà ránṣẹ́ sí WhatsApp rẹ. Jọ̀ọ́, gbé e lọ bá Bàbá lágbẹ̀dẹ, kí o fẹ̀ ẹ́ dáadáa kí wọ́n lè rí i. Púpọ̀ nínú ìbọn tí wọ́n ń kó wá sílẹ̀ wa láyé àtijọ́, ìlú tí mo wà yìí ni wọ́n ti rọ ọ́, mo sì rántí bí Bàbá ṣe máa ń fi èékánná ha ìbọn ọdẹ kí wọ́n tó sọ iye tí wọ́n máa gbà. Bi wọ́n nípa òòlù yẹn pé: wọ́n rọ ọ́ ni, àbí wọ́n dà á? Nínú fọ́tò kẹrin, ihò wínníwínní wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣé ìpẹta ló jẹ ẹ́, àbí afẹ́fẹ́ inú irin dídà ni? Ṣé wọ́n rí àpá fáìlì tí wọ́n fi ń fá irin?

Sátidé ni ọkùnrin yẹn ń padà bọ̀. Mo ní kí Màmá má gba kọ́bọ̀ títí bàbá ọ̀rẹ́ mi ní Ọ̀yọ́ á fi fèsì. Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọ́n gbà. Má jẹ̀ẹ́ kí ọjọ́ Ẹtì kọjá o.

Bá mi dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá. Sọ fún wọn pé mi ò tíì gbàgbé ọjọ́ ewìrì.

Èmi ni,
Àlàó rẹ