Ṣé ìwé ààfin ni kò jẹ́ kó o pè mí?

Àṣàkẹ́, ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ẹsẹ̀ bàbá yín ti fúyẹ́ díẹ̀. Wọ́n ti ń dá rìn dé ẹnu géètì báyìí, àmọ́ wọn ò jẹ́ kí n fi òrí ra á mọ́, wọ́n ní ọwọ́ mi ti le jù. Kúnlé ti ṣe JAMB. Ó ní ó dára. O sì mọ̀ pé gbogbo nǹkan ló máa ń dára lẹ́nu Kúnlé kí èsì tó jáde. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì. Àwọn ará ilé kejì ń ṣe ìgbéyàwó, wọ́n ti pín ankárá kiri, mi ò tíì san owó tèmi.

Ilé ò burú. Ìwọ ni mo ń bi. Láti ọdún Àjíǹde lo ti pè mí kẹ́yìn. Mo pè ọ́ títí, ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Kúnlé fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp, ó ní o ti kà á, pé àmì rẹ̀ ti di búlúù. Mo ní ṣé búlúù ló máa ń dáni lóhùn ni? Mo wá ní kò burú, màá jókòó kọ lẹ́tà, kí Kúnlé ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ. Bó o bá rí ọwọ́ ìkọ̀wé mi, bóyá àánú á ṣe ọ́.

Mo gbọ́ nǹkan ni. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ ló dé láti Èkó. Ó ní òun yà lọ́dọ̀ rẹ ní Sátidé, ọ̀sán ti pọ́n, aṣọ ìsùn ṣì wà lọ́rùn rẹ, ojú rẹ sì pọ́n kankan. Ó rò pé ẹkún lo ń sun. O ní rárá o, ìwé lo kà mọ́jú, ìtàn ààfin Ọ̀yọ́-Ilé, pé Baṣọ̀run Gáà, olórí àwọn ìjòyè, tún ti fẹ́ pa ọba mìíràn, o ò sì lè gbé ìwé náà sílẹ̀. Ó ní bó o ṣe ń sọ̀rọ̀ Gáà, àfi bí ẹni pé ojúlé kan náà lẹ̀ ń gbé. Ìyẹn ò dùn mí, ẹ̀rín ló pa mí. Ohun tó gbé ẹ̀rín náà mì ni pé ẹnìkan pè ọ́ lójú rẹ̀. O gbé ti onítọ̀hún o! Fóònù ò tíì dún tán tó o ti gbé e. Ó ní onítọ̀hún ń pè ọ́ ní Olorì.

Olorì ta ni, Àṣàkẹ́?

Lẹ́yìn ìyẹn ni Kúnlé wá fi àwòrán ọjọ́ ìbí rẹ hàn mí. O rẹwà, kí n má purọ́. Mo ní kó fẹ̀ ẹ́ dáadáa kí n rí ojú rẹ. Ojú ìyá mi ni, àfi pé ìyá mi ò kun ètè rí. Aṣọ òfì yẹn dára, ìyùn náà pọ̀ lọ́rùn. Àmọ́ kí ni adé yẹn ń ṣe lórí rẹ? Adé ìlẹ̀kẹ̀ tó já bojú! O gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ dání, o fọwọ́ kejì sí ìbàdí. Ní Ọ̀yọ́ tá a bí ọ sí yìí, obìnrin wo lo rí tó gbé irú ẹ̀ sórí ya fọ́tò? Bàbá yín wò ó, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n ní kí Kúnlé bá àwọn wá rédíò. Mo bi Kúnlé ní iye tí wọ́n ń háyà irú ẹrù bẹ́ẹ̀ l'Ékòó. Ó sọ ọ́. Mo ní kó tún un sọ. Owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó o ní ó ń bọ̀ lóṣù tó kọjá ò tíì dé. Mi ò bèèrè owó o, mo kàn ń sọ ni.

Má rò pé mo ní kó o má kàwé. Ta ló kọ́kọ́ sọ ìtàn Gáà fún ọ? O mọ ìsọ̀ mi ní Akẹ̀sán: béèyàn bá na ọrùn díẹ̀, á rí ẹnu ọ̀nà ààfin. Abẹ́ tábìlì ìsọ̀ yẹn ni mò ń kó ìwé eré mi sí, ti Gáà, ti Awólẹ̀, ti Kúrunmí, gbogbo wọn, tí èèpo ẹ̀yìn wọn ti já. Bí kò bá ti sí oníbàárà, màá fà wọ́n yọ. Nígbà tí iná jó Akẹ̀sán ní oṣù kìíní 2020, tí oníkálùkù ń sunkún ọjà rẹ̀, ìwé lèmi ń sunkún. Bàbá yín rò pé aṣọ tó jóná ni. Jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀.

Mo mọ adùn ibẹ̀. O ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ Gáà máa já sí kó o tó ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, torí gbogbo wa la gbọ́ ọ nílé: bó o láyà kó o ṣìkà, bó o bá rántí ikú Gáà, kó o sọ òótọ́. Síbẹ̀ àyà rẹ á ṣì máa já. Láti nǹkan bí 1754 títí di 1774 ló fi fọwọ́ mú ìlú, tó ń fi ọba jẹ, tó ń pa wọ́n. Awọ́nbíojú kọ̀ láti dọ̀bálẹ̀ fún ìjòyè ara rẹ̀, kò lò ju 130 ọjọ́ lọ lórí ìtẹ́. Abíọ́dún ní tiẹ̀ lọ ń kí Gáà láràárọ̀, ó ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, ó ń fi sùúrù ṣọ́ ọ, títí òun àti Ọ̀yabí tó jẹ́ Kakaǹfò, olórí ogun, fi gbá a mú. Òǹkọ̀wé tó bá mọṣẹ́ á jẹ́ kó o dúró sẹ́yìn Abíọ́dún láàárọ̀ ọjọ́ kan péré, kó o máa wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ bó ṣe ń dọ̀bálẹ̀, kó o sì máa bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn rẹ pé kó má tíì sọ̀rọ̀. Èmi náà ti sun oorun aago mẹ́rin ìdájí rí nítorí irú ibẹ̀.

Kó o mọ̀, èmi ni mo ṣe Àgbọ̀nyín nínú eré ilé ẹ̀kọ́ wa. Ọmọ Abíọ́dún tí Gáà mú yẹn. Ìtàn ní Gáà ń wá àgbọ̀nrín tó máa fi bọ òrìṣà rẹ̀, kò rí, ó sì mú ọmọbìnrin ọba nítorí pé orúkọ ẹran náà ló ń jẹ́. Wọ́n fi osùn kun ọrùn mi, wọ́n so okùn mọ́ mi lọ́wọ́, ọmọ kíláàsì karùn-ún kan tó fi irun ewúrẹ́ ṣe irùngbọ̀n ń wọ́ mi lọ. Ni ìyá mi bá dìde láàárín èrò, wọ́n ké tantan: "Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀!" Gbogbo hóòlù bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí débi pé mi ò bá ìyá mi rin ọ̀nà ilé lọ́jọ́ náà. Mo máa padà síbẹ̀.

Ìwé tó ò ń kà mọ́jú yìí, ṣé ó sọ nípa ìyá ọba? Àlùfáà Samuel Johnson kọ ọ́ o, ẹni tó ṣe pásítọ̀ níbí ní Ọ̀yọ́. Ọdún 1897 ló kọ ìtàn Yorùbá rẹ̀ tán, ìwé náà sọ nù lọ́wọ́ àwọn tó gbé e fún láti tẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ dókítà ló tún un kọ látinú àwọn àkọsílẹ̀ tó fi sílẹ̀, ó wá jáde ní 1921. Johnson ní láyé ijọ́un, Aláàfin kì í ní ìyá. Bí wọ́n bá fẹ́ fi èèyàn jọba tí ìyá tó bí i ṣì wà láyé, wọ́n á ní kí ìyá náà lọ sùn. O mọ irú oorun tí wọ́n ń wí. Wọ́n á sin ín dáadáa nílé àwọn ẹbí rẹ̀, wọ́n á wá fi obìnrin mìíràn nínú ààfin joyè Ìyá Ọba. Kàkàkí á fọn, akùnyùngbà á máa ki ọba, gbogbo rẹ̀ á dùn.

Ibẹ̀ ni mo kà lálẹ́ ọjọ́ tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ padà s'Ékòó. Mo pa ìwé dé. Mo ní, ṣé Àṣàkẹ́ ti ní kí n lọ sùn ni?

Máa rẹ́rìn-ín. Màmá tún ti bẹ̀rẹ̀, àbí? Ṣùgbọ́n ọmọ tí kì í sùn láìpè mí, tó máa ń sọ fún mi pé ìrẹsì òun jóná, tó wá di pé búlúù ni mò ń rí, kí ni kí n rò?

Bó bá jẹ́ ayaba ló wù ọ́ láti fara wé, kí ló dé tó ò mú Ìyá Kéré? Mi ò mọ̀ bóyá ìwé rẹ mẹ́nu bà á, àwọn òǹkọ̀wé míì máa ń fò ó dá, ìfẹ́ àti májèlé ni wọ́n ń wá. Ìyá Kéré ló ń tọ́jú adé àti gbogbo ohun ọ̀ṣọ́ oyè. Òun ló ń gbé adé lé Aláàfin lórí lọ́jọ́ ìwúyè. Bí ọba bá ṣẹ̀ ẹ́, ó lè kọ̀ láti kó ẹrù oyè jáde, kí ọba má sì lè jókòó gba àlejò lọ́jọ́ náà. Obìnrin nìyẹn! Kò dé adé kankan ya fọ́tò.

Àwọn tó ń kọ ìtàn ààfin, wọn kì í ṣe òpùrọ́, àmọ́ ẹ máa fura sí wọn. Wo ọ̀rọ̀ Olókùn-Ẹṣin, ìjòyè tó ń bójú tó ẹṣin ọba. Aláàfin Ládìgbòlù wàjà ní ìparí 1944. Olókùn-Ẹṣin wọ ìlú láti wá bá ọba lọ bí àṣà ṣe wí, òyìnbó ìjọba dá a dúró, ọmọ rẹ̀ ló wá kú dípò rẹ̀. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó dórí ìtàgé, eré kan sọ ọmọ náà di oníṣòwò tó ń ti Gánà bọ̀, òmíràn sọ ọ́ di ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà nílùú òyìnbó. Méjèèjì dùn, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n mo wá ìyá ọmọ yẹn títí, mi ò rí ẹni tó fún un ní ọ̀rọ̀ kan sọ. Ta ló lọ sọ fún un? Ṣé ó ń da ẹ̀kọ ni, àbí ó ń wẹ ọmọ-ọmọ? Bí mo bá mọ eré kọ ni, ibẹ̀ ni ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó ń pè ọ́ ní Olorì ńkọ́? Wọ́n ní ọmọ ọba ni. Ní Ọ̀yọ́ níbí, ẹni tó ń ta káàdì lẹ́bàá ìsọ̀ mi, ọmọ ọba ni. Ẹni tó ń tún fáànù bàbá yín ṣe, ọmọ ọba ni. Mi ò ní kó o má fẹ́ ẹ. Mo ní kó wá sílé ká rí i, kó sì mọ̀ pé ibi tó o ti wá ní ìyá. Bó bá jẹ́ pé ìwé lo fi ń wò ó, tó o rò pé ibi tí ìlù ń dún ni ilé ọkọ, jẹ́ kí n sọ èyí tó kù fún ọ.

Ilé olóyè ni mo fẹ́ sí, o mọ̀. Agbo ilé bàbá yín tóbi, èèyàn ń wọlé, èèyàn ń jáde, ọmọ ẹlẹ́kọ sì ni mí. Nígbà tá a fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ, mo ránṣẹ́ sí ìyá mi pé kí wọ́n má wulẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu, pé èrò á pọ̀. Bàbá yín ò sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ará ilé ò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni. Mo ń rántí ọjọ́ eré, mo ń rò ó pé wọ́n tún máa dìde ké nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n gbà wọlé, wọ́n gbé ẹ̀kọ gbígbóná nínú abọ́ tánganran, wọ́n gbé ọ lẹ́sẹ̀, wọ́n pè ọ́ ní Àṣàkẹ́. Àwọn ló sọ ọ́ ní oríkì yẹn, kì í ṣe èmi. Wọn ò jókòó pẹ́. Láti ìgbà náà, mo máa ń ní mo máa lọ kí wọn tọ́jà bá rọ̀. Ọjà ò rọ̀. Nígbà tí wọ́n kú, mo pa màlúù, mo dá aṣọ, àwọn onílù kún ojú títì. Johnson kúkú kọ ọ́ pé wọ́n máa ń sin wọ́n dáadáa.

Mi ò tíì sọ èyí fún bàbá yín rí. Má sọ ọ́ fún Kúnlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló máa ya fọ́tò lẹ́tà yìí. Màá ní kó má kà á. Ó máa kà á.

Ó dáa. Ka ìwé rẹ tán, kó o sì mú un bọ̀ nílé. Mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n fi Àgbọ̀nyín ṣe níbẹ̀, bóyá wọ́n jẹ́ kó sọ̀rọ̀ kí Gáà tó mú un lọ. Kúnlé ní wọ́n lè fi ránṣẹ́ sórí fóònù, ojú mi ò gba ìyẹn, ìwé gidi ni kó o mú wá. Bí àyè ò bá sí, gbé e fún awakọ̀ Ọ̀yọ́ ní Ọjọ́ta, kó o kọ nọ́ńbà Kúnlé sí i lára gàdàgbà. Alẹ́ Sunday ni kó o pè mí, lẹ́yìn aago mẹ́jọ, mi ò ní tíì sùn.

Bó o bá rí owó Kúnlé, fi ránṣẹ́. Bí o ò bá rí i, ṣáà pè mí.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.

Bàbá yín ní kí n bi ọ́ bóyá irù tòótọ́ ni ìrùkẹ̀rẹ̀ yẹn àbí ọ̀rá.